Èsì: Kí ló ń fún ìkòkò Catawba ní àwọ̀ dúdú àti pupa?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé ọ̀dà ni àwọn Catawba, ìyẹn ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà kan, fi ń kun ìkòkò wọn tó fi rí dúdú níbì kan, tó tún pupa níbòmíràn. Rárá o, iná ló ń ṣe é.

Etí odò Catawba, nítòsí Rock Hill ní South Carolina, ni wọ́n ti ń wa amọ̀ wọn. Oríṣi méjì ni wọ́n ń pò pọ̀. Wọn kì í lo ẹ̀rọ tó ń yí rárá: wọ́n á fi ọwọ́ yí amọ̀ gbọọrọ bí okùn, wọ́n á ká a léra wọn, wọ́n á wá fi ìkarahun fá a títí yóò fi tẹ́jú.

Dídán ara rẹ̀ ló wù mí jù. Bí ìkòkò bá gbẹ, wọ́n á mú òkúta odò kékeré kan tó jọ̀lọ̀, wọ́n á máa fi ra á lára, sùúrù ni, títí yóò fi máa kọ mọ̀nà. Òkúta yẹn lè jẹ́ ti ìyá-ìyá wọn. Ogún gidi ni.

Ó wá kan iná. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ìkòkò náà gbóná díẹ̀díẹ̀ kó má baà bẹ́, kí wọ́n tó kó igi lé e. Ibi tí èéfín bá sé mọ́ á dúdú, ibi tí atẹ́gùn bá ráyè kàn á pupa rẹ́súrẹ́sú.

Ẹ wá iṣẹ́ Georgia Harris, amọ̀kòkò Catawba kan, wò. Ọdún 1997 ni Amẹ́ríkà fi àmì-ẹ̀yẹ National Heritage Fellowship dá a lọ́lá.