Èsì fún Ìyá Ìbejì: àwọn ìlú kéékèèké Áyálándì, àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ háyà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ̀yin, bàbá wọn àti àwọn ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fẹ́ ti Manchester lọ sí Áyálándì nínú oṣù kẹjọ. Ẹ ò fẹ́ jókòó sí Dublin, ìlú kéékèèké lẹ fẹ́ rí. Kí ni kí ẹ wò, ṣé kí ẹ sì háyà ọkọ̀? Èmi, ìyàwó mi àti màmá mi ti rin ọ̀nà yẹn, ojú wa sì rí nǹkan. Mi ò lè ka ìbéèrè yín kí n kàn kọjá.

Físà ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Bí gbogbo yín bá ní páásìpọ́ọ̀tù Britain, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí bàbá wọn bá ṣì ń lo ti Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú UK kò lè mú un wọ Áyálándì. Yóò gba físà tiwọn lọ́tọ̀: 60 Yúrò fún ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan, 100 fún ìwọlé léraléra. Àwọn kan á sọ fún yín pé ẹni tó bá ti UK wá, wọn kì í yẹ ìwé rẹ̀ wò. Irọ́ ni. Ní pápákọ̀ òfurufú Dublin, iwájú òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ni gbogbo wa ń gbà kọjá. Ẹ tètè kọ̀wé béèrè, torí àwọn tó ń ṣe físà kì í bá ẹnikẹ́ni kánjú.

Ẹ tún kíyè sí ìlú Derry, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Donegal ti Áyálándì. Abẹ́ ìjọba Britain ni Derry wà. Kò sí géètì, kò sí aṣọ́bodè lójú ọ̀nà. Ẹ kàn máa rí i pé máìlì ni wọ́n kọ sára pátákó, tí pọ́n-ùn sì ni ìyá ọlọ́jà ń gbà. Ẹni tó bá mú físà ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan lọ́wọ́, tó wá yà sí Derry lọ ya fọ́tò, físà rẹ̀ ti tán nìyẹn. Kò ní ẹ̀tọ́ àtipadà sí Donegal mọ́.

Ó wá kan ọkọ̀ háyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ farabalẹ̀ ka ibí yìí.

Mo ti sanwó ọkọ̀ wa pátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí a tó gbéra. Mo sì ti ra inṣọ́ránsì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ mìíràn, èyí tí yóò dá owó padà fún mi bí ọkọ̀ bá ha. Nígbà tí a dé ìdí káńtà wọn ní pápákọ̀, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ wo káàdì mi, ó ní débíìtì ni, kírẹ́díìtì ni àwọn ń gbà, orúkọ ẹni tó máa wakọ̀ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Mo mú kírẹ́díìtì jáde. Ó ní àwọn máa ti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì Yúrò pa lórí rẹ̀ títí a ó fi dá ọkọ̀ padà, àfi tí mo bá ra inṣọ́ránsì tiwọn, tí wọ́n ń ka owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Mo fi ìwé inṣọ́ránsì tí mo ti rà hàn án, kò tilẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi. Ó ní ìyẹn kò kan àwọn. Òjò ń rọ̀ níta, ilẹ̀ ti ṣú, màmá mi jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, òtútù ń mú un. Àwọn èèyàn wọ̀nyí mọ̀ pé ẹni tó ti rẹ̀, tí àgbàlagbà ń dúró dè, kò ní lókun láti jiyàn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

Ìgbà tí a dá ọkọ̀ padà ló tún burú jù. Ọkùnrin kan fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ara ọkọ̀ wò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó kúnlẹ̀ ti táyà iwájú lápá òsì, ó na ìka sí ibi tó ha lára rímù. Kò gùn tó èékánná. Ó ní àwa la ṣe é. Ìyàwó mi ti ya fídíò ọkọ̀ náà kí a tó gbé e kúrò níbi tí wọ́n gbé e sí, àpá yẹn sì hàn kedere níbẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò láṣẹ láti wo fídíò, kí n kọ̀wé sí ọ́fíìsì. Kí a tó délé, wọ́n ti yọ owó lórí káàdì mi. Mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n lọ ka àdéhùn tí mo fọwọ́ sí. Mo tún kọ̀wé. Ẹlòmíràn dáhùn, ó ń béèrè ohun tí mo ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo pè wọ́n, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí ìpè fi já. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ la fi ṣe èyí. Báńkì mi ni mo fi ẹjọ́ wọn sùn níkẹyìn, fídíò yẹn ló sì gba owó náà padà. Inú mi ṣì ń ru tí mo bá rántí.

Nítorí náà, bó bá di dandan kí ẹ háyà, ẹ ya fídíò: rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òrùlé rẹ̀, gíláàsì iwájú, ìwọ̀n epo, inú búùtù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú lé yín kúrò níbẹ̀. Ẹ má sì rò pé ẹni tó mọ ọkọ̀ wà máa bọ́. Ọ̀nà abúlé ní Kerry àti Clare, koríko hù sáàárín rẹ̀, ẹ̀gún àti òkúta wà lọ́tùn-ún lósì. Bí bọ́ọ̀sì arìnrìn-àjò bá pàdé yín, ẹ̀yin lẹ ó fà sẹ́yìn, inú ẹ̀gún lẹ ó sì fà sí. Láti oṣù kejì ọdún 2025, 60 kìlómítà ni gbèdéke eré lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. 80 ni tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà M50 tó yí Dublin ká náà ní tóògéètì tí kò sí géètì níbẹ̀. Kámẹ́rà ló ń ya nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ ti sanwó kó tó di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó ìtanràn á gùn ún.

Tí ẹ bá ti ní ọkọ̀ tiyín ní Manchester, ẹ wà á lọ sí Holyhead, kí ẹ gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́ta sí Dublin. Apá òsì tí ẹ mọ̀ náà ni wọ́n ń gbà. Ẹ kàn sọ fún iléeṣẹ́ inṣọ́ránsì yín.

Àwọn tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n ìrìn àjò á to ìlú mẹ́wàá sílẹ̀ fún yín fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á ní Áyálándì kéré. Máàpù ni wọ́n wò, wọn ò wo ojú ọ̀nà. Láti Dublin sí Dingle nìkan ju wákàtí mẹ́rin lọ. Pẹ̀lú ọmọ méjì lẹ́yìn ọkọ̀, ìyà lásán ni. Ibi méjì ni kí ẹ sùn sí: Cobh ní gúúsù, Westport ní ìwọ̀-oòrùn. Rélùwéè dé ibi méjèèjì.

Cobh ni mo fẹ́ràn jù. Láti Cork, ìṣẹ́jú 25 ni rélùwéè ń gbà, etí omi ló sì ń tọ̀ lọ. Níbẹ̀ ni Titanic ti gba èrò kẹ́yìn ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1912. Èèyàn 123 ló wọ̀ ọ́ níbẹ̀. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì nígbà náà ti di ibi ìran báyìí. Bí ẹ bá wọlé, wọ́n á fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ èrò kan tó wà nínú ọkọ̀ náà lóòótọ́, ìparí ni ẹ ó tó mọ̀ bóyá ẹni náà yè é. Àwọn ìbejì kò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ gun òkè lọ sí kàtídírà St Colman, tó ní agogo 49. Ẹ wo àwọn ilé aláwọ̀ oríṣiríṣi tó tò sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ère Annie Moore wà létí omi, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba Ellis Island, ibùdó tí wọ́n ti ń gba àwọn àlejò wọlé ní New York, wọ Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1892. Àwọn tó gba èbúté yìí fi ìlú wọn sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ebi àti àìríṣẹ́ ló lé ọ̀pọ̀ nínú wọn. Màmá mi gbé ọwọ́ lé èjìká ọmọbìnrin yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ gbogbo wa tá a wà lókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàdúrà. Ẹnikẹ́ni tó bá bímọ sí ìdálẹ̀, ó yẹ kó dé ibẹ̀.

Láti Cork náà, bọ́ọ̀sì 226 á gbé yín dé Kinsale. Ẹ fẹsẹ̀ rìn létí omi lọ sí odi Charles Fort, kí àwọn ọmọ sáré lórí rẹ̀. Cashel wà lójú ọ̀nà Dublin sí Cork: àwókù ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí àpáta tí àwọn ọba wọn ń gbé tẹ́lẹ̀, ilé àdúrà Cormac tó wà níbẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1134. Birr ní awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, ti ọdún 1845, tí kò sí èyí tó tóbi tó o láyé títí di ọdún 1917. Ẹ má fo Birr, nítorí àwọn ọmọ.

Ní Westport, ẹ háyà kẹ̀kẹ́ (ìyẹn ò ní wàhálà tọkọ̀ rárá). Ojú irin àtijọ́ ni wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, kìlómítà 42 títí dé Achill, mọ́tò kankan kì í gba ibẹ̀. Ẹ dúró ní Newport tó bá rẹ àwọn ọmọ. Àwọn tó ni kẹ̀kẹ́ á wá gbé yín. Òkè Croagh Patrick wà nítòsí, mítà 764. Òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ ló bo orí rẹ̀, bàtà tó dáa ni kí ẹ wọ̀.

Lálẹ́, orin ń wà nílé ọtí, fáólìn àti fèrè, ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kì í gba owó ìwọlé. Wọ́n ń jẹ́ kí ọmọdé bá òbí rẹ̀ jókòó, àmọ́ nínú oṣù kẹjọ, aago mẹ́wàá lòfin ní kí ó jáde.

Bí àgbàlagbà kan bá bi yín pé, “Níbo ní Nàìjíríà?”, ẹ má bínú, ẹ dá a lóhùn dáadáa. Àwọn fadá SMA (ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Kátólíìkì fún Áfíríkà) láti Áyálándì ṣiṣẹ́ púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní Cashel, ìyá àgbà kan jókòó ti màmá mi, ó ní àbúrò bàbá òun sìn ní Oǹdó, àti pé “ẹ káàárọ̀” ló fi ń kí wọn bó bá wálé. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ títí a fi gbéra. Tí ẹ bá sì ń ti Dublin lọ sí Cork, Portlaoise lẹ ó gbà kọjá. Ọmọ Yorùbá láti ìpínlẹ̀ Ògùn, Rotimi Adebari, di mẹ́yọ̀ ibẹ̀ ní ọdún 2007, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di mẹ́yọ̀ ní Áyálándì. Ẹ sọ ìyẹn fún àwọn ìbejì.

Oúnjẹ: ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ìlú kéékèèké kì í dáná mọ́ tó bá ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́, bọ́ọ̀sì sì ń ṣọ̀wọ́n lọ́jọ́ Sunday. Ẹ mú ata gígún àti aṣọ òjò dání, oṣù kẹjọ kò ní kí òjò má rọ̀. Yàrá ní Westport lẹ ó kọ́kọ́ wá, torí oṣù yẹn làwọn ará ibẹ̀ náà ń gba ìsinmi. Bí físà bàbá wọn bá ti jáde, ẹ kọ ọjọ́ yín síbí, màá sọ ilé tí a dé sí ní Cobh fún yín.