Ọmọ mi mọ dùùrù tẹ̀ dáadáa, etí ló kù: AP Music Theory ti sún mọ́lé

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló fẹ́ ṣe AP Music Theory, ìdánwò tíọ́rì orin táwọn ọmọ háìskúùlù ń ṣe ní Amẹ́ríkà níbí, tí yunifásítì lè kà sí kọ́ọ̀sì fún wọn, ní May tó ń bọ̀ yìí, Maryland la wà. Àti ọmọ ọdún méje ló ti ń kọ́ dùùrù, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í sì í wo ìwé kankan, ẹni tó bá ṣáà ti dá orin, á bá a níbẹ̀. Mo rò pé ìdánwò yìí ò ní ni ín lára rárá. Àfi bí tíṣà wọn ṣe fún wọn ní ìdánrawò lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n ń fi ojú wò lórí ìwé, ó ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń gbọ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kò rí nǹkan gidi kọ, èyí tí wọ́n ní kó fi ẹnu kọ, ó kàn dákẹ́ ni. Ẹkún ló sun wálé. Ṣé kí n wá tútọ̀ fún un ni àbí kó fi sílẹ̀? Èmi fúnra mi ò mọ nǹkan kan nínú orin ju kọ́yà tí mo ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì lọ, dò re mí yẹn náà ni wọ́n fi kọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

ÌDÁHÙN

Mummy, ẹ kú wàhálà ọmọ. Ẹ má jẹ́ kó fi sílẹ̀ o. Ọmọkùnrin tèmi ṣe é ní 2023, Houston làwa wà, ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, àfi bíi pé ilé mi lẹ ti wá wò ó. Òun náà ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà rò pé ó ti tán. Èmi kì í ṣe tíṣà orin o, nọ́ọ̀sì ni mí, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ. Dò re mí tẹ́ ẹ sì ń fojú kéré yẹn, òun gan-an ló gba ọmọ tèmi sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìdánwò náà ṣe rí lọ́dún tiwa. Apá àkọ́kọ́ jẹ́ ìbéèrè 75 tí wọ́n á mú ìdáhùn nínú ẹ̀, 80 ìṣẹ́jú, òun ló gbé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, púpọ̀ nínú ìbéèrè yẹn ló jẹ́ pé wọ́n á lu orin fún ẹ kó o tó dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ìbéèrè méje tí wọ́n á fọwọ́ kọ, mẹ́rin nínú ẹ̀ ló jẹ́ dikitéṣọ̀n, gbọ́ kó o kọ ọ́. Wọ́n tún wá ní kó kọ orin méjì tí kò rí rí síta, sight-singing nìyẹn. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò, etí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ tó bá ń fi gbogbo ọjọ́ ka ìwé tíọ́rì, ibi tí kò nira fún un ló ń kà.

Ohun tó kọ́kọ́ rú mi lójú ni pé báwo lọmọ tó ń gbọ́ orin lẹ́ẹ̀kan tó sì ń tẹ̀ ẹ́ kò ṣe ní lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ ló mọ ibi tí orin wà, òun fúnra ẹ̀ ò mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ tún wá wo bọ́tìnnì transpose tó wà lára kíbọ́ọ̀dù, èyí tó ń yí kíì padà, ọmọ yìí ń tẹ gbogbo orin ní kíì C, ìyẹn ni pé C ni dò ẹ̀, tí olórin bá ti gbé e lókè, ó kàn á tẹ bọ́tìnnì ni! Ẹ lọ wo ti ọmọ yín dáadáa, ẹ̀rín á pa yín. Ọjọ́ tí mo rí i ni mo sọ pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn mọ́ títí May, àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì bínú sí mi fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú mọ́tò la ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Tí mo bá ti gbé e láti skúùlù, màá kọ dò mí sò, á dá a padà fún mi, màá kọ dò fa la, á dá a padà, tó bá yá màá kàn fi ẹnu hùn ún láìpe orúkọ ẹ̀, òun láá pe orúkọ. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, a ti ń fi Yorùbá ṣeré. Màá ní "ọkọ́", á ní re mí. Màá ní "ọkọ̀", á ní re dò. "Ọkọ" ńkọ́? Re re. Mo mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ẹnu kò rí bíi ti orin, kò sí ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnu bí wọ́n ṣe ń wọn nóòtì, àmọ́ ó kọ́ ọ láti máa fún ohun tó ń gbọ́ lórúkọ, tiẹ̀ sì ń kọ́ ọ ní àmì ohùn lọ́fẹ̀ẹ́. Orin tó bá máa tẹ̀ ní Sunday, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi dò re mí kọ ọ́ fún mi ní Saturday.

Dikitéṣọ̀n ọ̀hún wá, ohùn kan ṣoṣo ni oríṣi àkọ́kọ́, wọ́n lu ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n lu èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ọmọ mi máa ń sáré kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń lù ú, tó bá sọnù ní báà kejì (báà ni ìpín kéékèèké tí wọ́n fi ìlà pín orin sí), ó parí nìyẹn. A ní kó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, kó kàn gbọ́ ọ, kó kọ ọ́ padà nínú ọkàn ẹ̀, lẹ́yìn náà kó wá kọ ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí sílẹ̀, kó tó kó àárín sí i. Wọ́n ń fún wọn ní máàkì ní ìdajì báà ìdajì báà, torí náà èyí tó bá gbọ́ kó kọ ọ́ síbi tó yẹ kó wà, kò báà jẹ́ pé iwájú ẹ̀ ṣófo. Ti kọ́dù, ìyẹn àwọn nóòtì tó ń dún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n lù ú, báàsì ni kó kọ́kọ́ gbọ́, kó tún gbọ́ ohùn òkè, nọ́ńbà kọ́dù (bóyá ìkíní ni tàbí ìkarùn-ún nínú kíì) á wá máa yọjú láti inú méjèèjì. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ gbogbo ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní gbọ́ ìkankan.

Èyí tí wọ́n ń fi ẹnu kọ, ìtìjú ló ń pa wọ́n níbẹ̀. Ìṣẹ́jú kan lé díẹ̀ ni wọ́n fún wọn láti wò ó, ìṣẹ́jú-àáyá 75, lẹ́yìn náà ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá láti kọ ọ́. Ọmọ tèmi á fi gbogbo 75 yẹn wo ìwé pẹ̀lú ẹnu dídì, ìgbà tí wọ́n bá wá ní ó yá, ọ̀fun á gbẹ. Mo sọ fún un pé àkókò ìmúrasílẹ̀ yẹn, kọ ọ́ síta, kò sẹ́ni tó ń fi ìyẹn máàkì. Bẹ́ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í wọ báfúrọ́ọ̀mù lọ, á tan fáànù kí àbúrò ẹ̀ má baà gbọ́ ọ, ẹ ò bá gbọ́ ohùn bí ohùn ewúrẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́. Kò pọn dandan kó lóhùn dídùn. Wọ́n gbà kó kọ ọ́ ní kíì tó bá rọ̀ ọ́ lọ́fun, wọ́n gbà kó fi dò re mí tàbí nọ́ńbà kọ ọ́, kódà tó bá fi imú hùn ún tàbí tó súfèé ẹ̀. Ohun tí ò dáa ni kó dúró láàárín. Tó bá ṣì í, kó máa lọ.

Ohùn mẹ́rin tí wọ́n ń tò jọ lórí ìwé, ẹ ní èyí tó jẹ́ ti ìwé ò yọ ọ́ lẹ́nu, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kó ṣáà ṣọ́ra fún kíì mínọ̀, A mínọ̀ fún àpẹẹrẹ, ó gbọ́dọ̀ fi sharp, àmì tó ń gbé nóòtì sókè díẹ̀, sára G nínú kọ́dù karùn-ún, ọmọ mi gbàgbé ẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá. Ní kíì C, tó bá kọ kọ́dù G B D F, B gòkè lọ sí C, F sọ̀ kalẹ̀ sí E. Àti ti fifth (ohùn méjì tó jìn síra bíi C sí G, ẹ kà á, nóòtì márùn-ún ni) tí ń tẹ̀ lé ara wọn, báàsì C, téńọ̀ G, kí àwọn méjèèjì wá jọ gbéra lọ sí D àti A, máàkì lọ nìyẹn. Ó bá mi jà lórí ìyẹn, ó ní ó kúkú dùn létí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Òótọ́ ni, ó dùn, ṣùgbọ́n òfin àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni ìdánwò yìí ń tẹ̀ lé.

Tútọ̀ tẹ́ ẹ béèrè, èmi gba ẹnì kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, ìwé ló ń fún un ṣe lójoojúmọ́, kò jẹ́ kó lanu kọrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo ní ó tó. Tẹ́ ẹ bá máa gba tútọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá ó máa mú un kọrin. Tí kò bá ní mú un kọrin, ẹ fowó yín sápò jàre. College Board, àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà, fi àwọn ìbéèrè ọdún tó ti kọjá síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọ́díò wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fún máàkì wà níbẹ̀, kódà ìwé ìdáhùn àwọn ọmọ tó ti ṣe é rí wà níbẹ̀. Ọ̀kan ní Saturday kọ̀ọ̀kan la mú, òun fúnra ẹ̀ láá fún ara ẹ̀ ní máàkì.

Nígbà tí èsì ìdánwò náà dé, 4 lọmọ mi gbà nínú 5. Wọ́n á tún kọ máàkì ti etí lọ́tọ̀ àti ti ìwé lọ́tọ̀ fún un, ti etí ló ga jù, ẹ ò ri pé ayé yí! Kẹ́ ẹ tètè wo yunifásítì tó ń wù ú o, ibi tí wọ́n á ti gba 3 wà, ibi tí wọ́n á ti béèrè 5 wà, àwọn kan sì wà tí ẹ̀ka orin wọn ṣì máa ṣe ìdánwò tiwọn fún un tó bá dé ọ̀hún.

Ohun tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: wọ́n máa ká ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni. Láti ìsinsìnyí, fóònù ni kó máa kọ ọ́ sí nígbàkígbà tó bá ń ṣe é, torí ọmọ mi á kọ ọ́ dáadáa fún mi nínú mọ́tò, tó bá ti rí iná pupa tó ń ṣẹ́jú lórí fóònù báyìí, gbogbo ẹ̀ á pòórá.