Àwa mẹ́ta la jọ ṣe ẹ̀rọ kajú: ta ló ni ín?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin olóòtú. Wẹ́dà ni mí ní Kabba. Èmi, ọ̀rẹ́ mi kan ní Parakou lórílẹ̀-èdè Benin àti ẹnjiníà kan ní Íńdíà la jọ ń fi WhatsApp ṣe ẹ̀rọ tó ń la èèpo kajú. Ẹnjiníà ní kí a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ òun gba pátẹ́ǹtì, ìwé òfin tó ń sọ ẹni tó ni ohun tuntun tí a hùmọ̀. Ṣé kí n gbà? Ṣé mo sì lè gbé fídíò rẹ̀ sí Facebook, kí olówó lè rí wa?

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ má tíì gbà, ẹ má sì gbé fídíò kankan jáde. Ohun tí ayé ti rí kì í ṣe tuntun mọ́ lójú òfin.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan irin ló hùmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹni tó ronú bí abẹ yóò ṣe la èèpo láì gé ọmọ inú rẹ̀ ni. Ẹni tó kàn jó irin bí wọ́n ṣe ní kó jó o, olùrànlọ́wọ́ ni. Nítorí náà, ẹ kọ déètì, nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó yí nǹkan padà sára àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi í sórí WhatsApp nìkan: fóònù bọ́ sómi, ẹ̀rí bá a lọ.

Ẹ tún kọ ìwọ̀n sílẹ̀. Kajú Kabba àti ti Parakou lè má tóbi bákan náà, torí náà kí ẹnikẹ́ni tó sún abẹ, kó fi kálípà, irinṣẹ́ tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe nípọn tó, wọn 100 hóró tó wà níwájú rẹ̀. Bí àlàfo àárín abẹ bá fún jù, ọmọ inú á fọ́. Bó bá fẹ̀ jù, èèpo á kù lára rẹ̀, òróró èèpo ọ̀hún á sì bó ọwọ́ ẹni tó ń bó o.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ wá ńkọ́? Bí ilé-iṣẹ́ bá ni pátẹ́ǹtì, orúkọ lásán ló kù fún yín. Ó tún ń náni lówó: nínú PCT, ètò tí a fi ń bèèrè pátẹ́ǹtì ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń lọ sí Geneva, tí Nàìjíríà wọ̀ ní 2005, ẹni tó bá fi orúkọ ara rẹ̀ bèèrè láti Nàìjíríà, Benin tàbí Íńdíà ń rí ìdínkù 90% lórí owó ìforúkọsílẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ Íńdíà yẹn bá wọ̀ ọ́, gbogbo yín ti pàdánù rẹ̀.

Òfin Íńdíà ní kí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ gba àṣẹ kó tó bèèrè pátẹ́ǹtì nílẹ̀ òkèèrè, àfi bó bá ti kọ́kọ́ bèèrè ní Íńdíà, tó sì dúró ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì ná. Láti ọjọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́, oṣù 12 lẹ ní láti wọ PCT. Pátẹ́ǹtì tí Abuja bá fún yín kò dé Benin: OAPI, àjọ pátẹ́ǹtì tí Benin jọ ní pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn, tó wà ní Yaoundé, ló ń fún wọn ní tiwọn, Nàìjíríà kò sì sí nínú rẹ̀. Abuja kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ jẹ́ tuntun lóòótọ́, ẹ má gbọ́kàn lé e jù.

Bí owó yóò bá máa ti Nàìjíríà lọ bá ẹnjiníà náà, ẹ mú ìwé àdéhùn lọ sí NOTAP, ilé-iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà tó ń forúkọ àdéhùn ìmọ̀ ẹ̀rọ pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè sílẹ̀, láàárín 60 ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i. Báńkì kò ní fi owó ránṣẹ́ láìsí ìwé-ẹ̀rí wọn.