Ṣé dandan ni kí bàbá mi ṣe stent?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni èmi àti bàbá mi ń gbé, ẹni ọdún 67 ni wọ́n. Bí wọ́n bá ń gun àtẹ̀gùn, àyà a máa fún wọn. Bí wọ́n bá ti sinmi, á lọ. Ó ti tó ọdún kan, kò sì le sí i. Àyẹ̀wò fi hàn pé òpójẹ̀ ọkàn wọn kan ti há gan-an. Dókítà wọn ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa lo oògùn, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n tètè fi stent, ìyẹn àwọ̀n wáyà kékeré tó ń la òpójẹ̀, sí i kí wọ́n má baà kú lójijì. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Dókítà wọn ni kí ẹ gbọ́ tiẹ̀ ná. Ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín yé mi, ṣùgbọ́n ibi tó há jù kọ́ ni ìkọlù ọkàn sábà máa ń ti wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibòmíì tí kò há tó bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ òpójẹ̀ ti ń ya, tí ẹ̀jẹ̀ á dì lé e lórí, tí ọ̀nà á sì dí pa. Ojú kan ni stent ń là. Gbogbo òpójẹ̀ ni statin (oògùn tó ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù) àti aspirin ń ṣọ́.

Ìwádìí ISCHEMIA, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, kó aláìsàn 5,179 jọ láti orílẹ̀-èdè 37. Gbogbo wọn lo oògùn. Wọ́n tún ṣe stent tàbí iṣẹ́ abẹ fún apá kan. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ikú àti ìkọlù ọkàn kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù ní apá tó ṣe é. Àmọ́ wọn kò gba ẹni tí ẹnu òpójẹ̀ ńlá apá òsì rẹ̀ há, tàbí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, nítorí náà ẹ bi dókítà bóyá bàbá wà lára àwọn wọ̀nyí. Ẹni tí ìkọlù ọkàn bá sì mú lọ́wọ́, tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá: kí wọ́n sáré la òpójẹ̀ tó dí ni.

Ibi tí stent ti wúlò fún irú bàbá ni ìrora. Nínú ìwádìí ORBITA-2, tó jáde ní 2023, wọ́n kun àwọn aláìsàn lóorun, wọ́n fi ẹ̀rọ orin bò wọ́n létí, wọ́n fi stent sí àwọn kan, wọn kò fi sí àwọn yòókù, kò sì sí aláìsàn tó mọ èyí tí wọ́n ṣe fún òun. Ìrora àwọn tó gba stent dín kù ju ti àwọn yòókù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ló bọ́ nínú rẹ̀. Tí bàbá bá ń lo oògùn, tí àyà ṣì ń fún wọn débi pé wọn kò lè rìn dáadáa, ẹ padà lọ sọ fún dókítà. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Kí oògùn tí wọ́n ń fín sábẹ́ ahọ́n máa wà lápò wọn. Bí àyà bá fún wọn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n fín in. Bí kò bá lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí wọ́n tún un fín. Tí ìṣẹ́jú márùn-ún míì bá kọjá tó ṣì ń dùn wọ́n, ẹ pe 999. (Ẹ jẹ́ kí ọkùnrin kan bá wọn sọ èyí: oògùn agbára ọkùnrin bíi Viagra kò gbọdọ̀ pàdé èyí tí wọ́n ń fín yìí, ó lè já ìfúnpá wọn wálẹ̀ lójijì.)

Tó bá sì padà di pé wọ́n ṣe stent, tí wọ́n sì fẹ́ lọ sí Nàìjíríà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ gba aspirin àti clopidogrel, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, èyí tí yóò tó wọn lò kọjá ọjọ́ ìpadàbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú stent tuntun bí wọ́n bá dá oògùn yẹn dúró láìgba àṣẹ dókítà.