Kì í ṣe áńtẹ́nà yín o

Ọ̀gá mi, ẹ má tíì pe ẹni tó máa gun òrùlé. Ẹ ní ẹ ki tuner USB, ohun tó ń gba tẹlifíṣọ̀n láti ara áńtẹ́nà, bọ Raspberry Pi yín, kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, pé BBC One tí kì í ṣe HD (ìyẹn àwòrán tó mọ́ jù) ń mọ́lẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n HD kan ṣoṣo ò yọjú, ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ pààrọ̀ áńtẹ́nà. Èmi náà pààrọ̀ tèmi nígbà yẹn, níbí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Bàbá tó bá mi ṣe é sọ̀kalẹ̀, ó gbowó, ó lọ. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ náà ni mo bá a.

Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára tuner yẹn. Bó bá jẹ́ DVB-T nìkan ni, ìyẹn ìlànà àtijọ́ tí wọ́n fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n dé áńtẹ́nà, àkàrà ti tú sépo. Lórí Freeview, tẹlifíṣọ̀n orí áńtẹ́nà ní Britain, DVB-T ló ń gbé ọ̀pọ̀ ìkànnì tí kì í ṣe HD, nǹkan bí mẹ́gábíìtì 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. DVB-T2, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò fún HD níparí 2009, ń kó 40 gba ojú ọ̀nà tí kò fẹ̀ ju ìyẹn lọ. Tuner tó gbọ́ T nìkan kò lè gbọ́ T2. Kò sì ní sọ fún yín pé òun ò gbọ́. Yóò kàn ṣe bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Mo ra òmíràn, wọ́n kọ T2 gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Mo ki í bọ Pi, kò dá mi lóhùn. Òru méjì ni mo fi jókòó tì í kí n tó rántí tẹ dmesg, àṣẹ tó ń fi ohun tí Linux ń sọ hàn. Àṣé ó ń wá fáìlì firmware kan, ìyẹn ètò tó ń mú chip inú rẹ̀ ṣiṣẹ́, tó ń jẹ́ dvb-demod-si2168-b40-01.fw, kò rí i. Mo wá fáìlì náà kàn, mo fi sínú /lib/firmware, mo yọ tuner, mo tún ki í bọ Pi, HD bá dé. Ìlànà DVB ṣí sílẹ̀ lóòótọ́: ọ̀fẹ́ lẹ máa rí i kà lọ́dọ̀ ETSI, àjọ tó ń gbé ìlànà jáde ní Yúróòpù, ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn èèyàn lè kọ Tvheadend, ètò tó ń gba tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, fún wa. Ṣùgbọ́n firmware inú chip, ọwọ́ ẹni tó ṣe chip ló wà. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, orúkọ chip ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe orúkọ tó wà lára páálí. Wọ́n lè pààrọ̀ chip inú rẹ̀ kí páálí má yí padà. Bí ẹ ò bá fẹ́ wàhálà, ẹ wá TV HAT, tuner tó ń gun orí Pi, tí àwọn Raspberry Pi fúnra wọn gbé jáde ní 2018. Chip CXD2880 ti Sony ló wà nínú rẹ̀, ó gbọ́ T, ó gbọ́ T2, Linux sì ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ra méjì o. BBC One HD àti ITV1 HD jọ wọ ọkọ̀ kan náà ni, ìyẹn ìgbì kan ṣoṣo. Tuner kan ṣoṣo á gbà wọ́n sílẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Bí HD bá ti wọlé, tí orúkọ ètò bá wá rí wúruwùru bí ẹni da álífábẹ́ẹ̀tì nù sílẹ̀, ẹ má bẹ̀rù. Èyí ló bí mi nínú jù. BBC ló ní kí wọ́n di àkọsílẹ̀ ètò orí HD pọ̀, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso tẹlifíṣọ̀n ní Britain, sì fọwọ́ sí i ní 2010, pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe àpótí tó ń gba tẹlifíṣọ̀n yóò kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé kó tó gba àtẹ kódù tí wọ́n fi ń tú u. Tẹlifíṣọ̀n tí gbogbo ìlú ń sanwó fún! Àwọn ọlọ́pọlọ ti tú u tipẹ́. Nínú Tvheadend, ẹ lọ sí EPG Grabber Modules, kí ẹ tan èyí tí wọ́n kọ UK: Freeview sí.

Tuner àtijọ́ yẹn ńkọ́? Bó bá jẹ́ chip RTL2832U ló wà nínú rẹ̀, ẹ má jù ú nù. Tèmi ló ń bá mi gbọ́ rédíò FM ní kíṣìnnì báyìí. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ tẹ dmesg, kí ẹ fi ohun tó bá sọ ránṣẹ́ sí mi.