Utøj kì í ṣe ìhòòhò

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Odense ni mo wà, oṣù kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ èdè Dẹ́nmárkì. Mo wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "vermin" nínú ìwé atúmọ̀, utøj ni mo bá níbẹ̀. Aṣọ ni wọ́n ń pè ní tøj, olùkọ́ wa sì ti sọ fún wa pé u- wọn dà bí "àì-" tiwa. Ṣé "àìláṣọ" wá ni utøj ni? Ó dà mí láàmú.

Àbúrò, ẹ̀rín pa mí kí n tó lè dá ọ lóhùn, torí èmi náà ti kó sí pàkúté yẹn rí. Utøj kì í ṣe ìhòòhò, kì í sì í ṣe àkísà. Iná orí, ìdun àti irú àwọn kòkòrò bẹ́ẹ̀ tó ń jẹni lára ni. Olùkọ́ yín ò parọ́ o, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ.

Ìdajì tó sọ nìyí. Ro ni ìfọ̀kànbalẹ̀, uro ni àìfararọ. (Nǹkan ìṣeré tí wọ́n ń so kọ́ sókè orí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́, uro náà ni wọ́n ń pè é, torí kì í dúró jẹ́ẹ́.) Tak ni ọpẹ́, utak ni àìmoore, wọ́n tilẹ̀ ń pa á lówe pé Utak er verdens løn, àìmoore ni owó iṣẹ́ tí ayé ń san. Ní irú ibẹ̀ yẹn, máa fi "àì-" túmọ̀ rẹ̀ lọ, wàhálà kankan ò sí.

Ìdajì kejì ló dẹ okùn fún ọ. Ojú ọjọ́ ni vejr. Tí wọ́n bá wá ní uvejr ń bọ̀, ṣé ojú ọjọ́ fẹ́ tán láyé ni? Òjò, ààrá àti ìjì ló ń bọ̀. Dyr ni ẹranko, udyr sì ni ẹranko abàmì tó ń dẹ́rù bani. Menneske ni ènìyàn. Umenneske ṣì ń fẹsẹ̀ méjì rìn, ṣùgbọ́n ìkà rẹ̀ ti kọjá àlà. Vane ni ohun tó ti mọ́ni lára, uvane ni èyí tí kò yẹ kó mọ́ni lára rárá, bíi kéèyàn máa fi eyín gé èékánná.

Kí la ní nílé tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí? "-Kí-" ni, kì í ṣe "àì-". Tí nǹkan bá wà ṣùgbọ́n tó bàjẹ́, Yorùbá á pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á fi "kí" há a láàárín: ènìyànkénìyàn, àṣàkaṣà, oúnjẹkóúnjẹ. Ènìyànkénìyàn gan-an ni umenneske. Àṣàkaṣà ni uvane. Gẹ̀ẹ́sì ní láti wá ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ìwọ̀nyí, "monster", "storm", "weed", "vermin". Ará Dẹ́nmárkì fi lẹ́tà kan ṣoṣo parí gbogbo rẹ̀. Àwọn aládùúgbò wọn náà ń ṣe é: Un- ni ti Jámánì, Unwetter (ìjì), Unkraut (èpò), o- ni ti Sweden, oväder (ìjì), ogräs (èpò).

Ó wá ku tøj fúnra rẹ̀. Lóòótọ́, aṣọ ni lẹ́nu àwọn èèyàn lónìí, ṣùgbọ́n ohun èlò ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, ó sì ṣì wà bẹ́ẹ̀ nínú værktøj tí í ṣe irinṣẹ́, legetøj tí í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, àti køretøj tí í ṣe ọkọ̀. Tí tøj bá jẹ́ nǹkan, kí ni utøj á jẹ́? Nǹkankínǹkan! Ìyá tó ń di irun fún ọmọ rẹ̀, tó wá pariwo pé "nǹkankínǹkan ló wà lórí ọmọ yìí", ti sọ èdè Dẹ́nmárkì láìmọ̀.

Irú pàkúté kan náà wà nínú ukrudt. Ètù ìbọn ni krudt lónìí, àmọ́ ewéko ni krudt inú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà èpò ni ukrudt. Wọ́n ní Ukrudt forgår ikke så let, èpò kì í tètè kú. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn lè fi sọ ara rẹ̀ láti pa ọ́ lẹ́rìn-ín.

Má wá fi "-kí-" túmọ̀ gbogbo nǹkan o. "Ènìyànkénìyàn" tiwa tún lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti dé. U- wọn kò ní ìtumọ̀ yẹn. Àwa lè dá tuntun sílẹ̀ nígbàkigbà, wọn kì í fi tiwọn ṣeré bẹ́ẹ̀: mad ni oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí o bá pe oúnjẹkóúnjẹ ní "umad", wọ́n á kàn máa wò ọ́. Uven náà wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni ven, síbẹ̀ tí ọmọdé méjì bá di uvenner, wọ́n bára wọn jà ni, ó lè tán lọ́la. Fjende ni ọ̀tá gidi.

Àwọn kan ò tilẹ̀ sí lábẹ́ òfin méjèèjì. Hyggelig ni ibi tó tura, tí ara ti ń tuni. Uhyggelig ni ohun tó ń bani lẹ́rù. Síbẹ̀ wọ́n á ní ẹnì kan uhyggeligt dygtig, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹnì kan mọ̀wé burúkú. Èyí tí mo sì fẹ́ kí o ṣọ́ra fún jù lọ ni ulækker. Lækker ni "ó dùn", ṣùgbọ́n ulækker ju "kò dùn" lọ, "ó ń rí mi lára" ni. Tí ọbẹ̀ ẹni tó gbà ọ́ lálejò kò bá dùn mọ́ ọ, det smager ikke så godt (kò fi bẹ́ẹ̀ dùn) ti tó, bó bá tilẹ̀ pọn dandan kí o sọ ọ́.

Ní ti utøj, inú ìwé ni wàá ti máa bá a pàdé jù. Tí ilé ìwé ọmọ rẹ bá ránṣẹ́ sí ọ nípa iná orí, lus ni wọ́n máa kọ. Tí ìdun bá wà nínú ilé tí o háyà, væggelus ni kí o sọ fún onílé, ìyẹn iná ara ògiri. Tí o bá sì dé ilé oògùn, tættekam ni kí o béèrè, ìyàrun eléyín wẹ́wẹ́ náà.