Ṣé omi ìdọ̀tí ìlú tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ṣì lè pa ẹja tó wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi náà ń ṣàn lọ?

Ó lè pa wọ́n bí wọn kò bá fọ̀ ọ́ dáadáa. Kì í sì í ṣe májèlé ló sábà máa ń pa wọ́n. Àìrí èémí ni. Bí ìgbẹ́ bá ya wọ odò, kòkòrò àìfojúrí á máa jẹ ẹ́, bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n á máa lo ọ́síjìn inú omi tán.

Ẹ wo Odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́dún 1858, òórùn rẹ̀ dé inú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Onímọ̀ ẹ̀rọ kan, Joseph Bazalgette, wá la kòtò abẹ́ ilẹ̀ tó ń gbé ìdọ̀tí lọ sí Beckton àti Crossness nísàlẹ̀ odò, ṣùgbọ́n inú odò yẹn kan náà ni wọ́n tún ń dà á sí níbẹ̀. Ìyà àwọn tó wà láàárín ìlú di ti àwọn tó wà nísàlẹ̀ odò! Nígbà tó fi máa di 1957, àwọn onímọ̀ ti ka odò náà sí òkú.

Ohun tó jí i dìde ni pé wọ́n tún ilé ìfọmi tó wà ní Beckton àti Crossness ṣe: wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi náà kí kòkòrò lè jẹ ìdọ̀tí tán síbẹ̀, kó tó dé odò. Ní 1974, wọ́n rí ẹja sámọ́nì níbẹ̀. Inú mi máa ń dùn sí èyí gan-an.

Síbẹ̀, náítírójìn àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn èròjà tó ń mú ewéko dàgbà, tó bá ṣẹ́ kù nínú omi tí wọ́n fọ̀ máa ń mú kí ewé omi hù jù, bí ewé náà bá sì kú, kòkòrò á tún máa lo ọ́síjìn láti jẹ ẹ́.